Ẹsẹ̀ Tútù Lórí Ilẹ̀ Tí Mo Ṣẹ̀ṣẹ̀ Nù

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín o. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí ní òpùrọ́. Ojú mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́ sí Ẹ̀rúnmu ni. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ń ta gàrí. Ọdún méjì ni ẹsẹ̀ òsì fi dà á láàmú, tó ń wọ́ ọ nílẹ̀, kó tó kú sínú yàrá wa láàárọ̀ Sọ́ńdè kan. Nígbà tí mi ò lè dá gbé ibẹ̀ mọ́, Dàmọ́lá, ọmọ wa obìnrin, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Alákíà. A ta ilé náà fún tọkọtaya kan.

Ìyàwó mi kórìíra ìdọ̀tí. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fi ilé ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, èébú ló fi sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá lọ tún ilé náà ṣe lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. A ti kó gbogbo ẹrù. Mo gbọ́n òwú aláǹtakùn kúrò lára àjà, mo gbálẹ̀, mo fọ balùwẹ̀, mo wá ń nu ilẹ̀ láti yàrá wa bọ̀ ní pálọ̀.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú ẹsẹ̀ tútù wà lórí símẹ́ǹtì, láti balùwẹ̀ lọ sí yàrá wa.

Mo ní ó lè jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo nù ún. Mo tún bojú wẹ̀yìn, ó tún ti wà níbẹ̀. Mo wá wò ó fínnífínní. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ti òsì fa ìlà gbọọrọ.

Omijé ló kọ́kọ́ bọ́ lójú mi kí ẹ̀rù tó bà mí. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́.

Mo tẹ̀lé e wọ yàrá. Kò sí ẹnì kankan. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì wa wà tẹ́lẹ̀ ni ojú ẹsẹ̀ náà pin sí, méjèèjì dúró pọ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò jókòó.

Mo rọra sọ pé, "Ìyá Dàmọ́lá, a ti ta ilé yìí o."

Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà:

"Baba Dàmọ́lá, èmi ńkọ́?"

Èmi tí mo bá a gbé fún ọdún mọ́kàndínlógójì! Èmi tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré! Mo sá jáde, mo ti ilẹ̀kùn pa. Garawa àti àkísà, inú ilé ni mo fi wọ́n sí.

Nírọ̀lẹ́, mo fún tọkọtaya náà ní kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó ọkùnrin náà lóyún, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo padà lọ. Ìyàwó ọkùnrin náà ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ ṣé o, bàbá. Ilé yín mọ́ ju bí a ṣe rò lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dá dúró díẹ̀ ní pálọ̀. Nígbà tó wọ yàrá lọ, mo rọra sọ pé, "Ìyá Dàmọ́lá, ó yá, jẹ́ ká máa lọ."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó tẹ̀lé mi. Mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí i ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti lọ lọ́jọ́ tí mo sá, tó rò pé mo kọ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó kúrò nílé tí èèyàn yín kú sí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún un. Bó bá sì bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ má sá. Ẹ dá a lóhùn.