Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lọ́jọ́ Ìkórè

Ẹsẹ̀ ni télọ̀ fi ń jẹun. Ẹni tó bá ní ọwọ́ ni, kò tíì jókòó nídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ rí. Ọdún bíi mélòó kan ṣáájú 1980 ni lọ́rì kan tó ń já ìyẹ̀fun fi ẹ̀yìn rìn lù mí ní ọjà Singer, níbi tí mo ti lọ ra mílíìkì àti ṣúgà tí ìyàwó mi ń tà níwájú ilé wa ní Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ Hausa. Ọmọ ọkọ̀ ń pariwo "Baya! Baya!" kí dírẹ́bà máa padà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń wò, kò wo èèyàn. Lọ́rì náà fún mi mọ́ ògiri. Mo gbọ́ ìró egungun ìbàdí mi kí n tó gbọ́ igbe ara mi.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀, dókítà ní egungun náà jinná, ṣùgbọ́n wíwọ́ ló jinná. Àfi kí wọ́n tún ṣẹ́ ẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìhà gúúsù, kí wọ́n fi irin sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò ní lè tẹ maṣíìnì mọ́ láéláé. Bí mo bá ta gbogbo ohun tí mo ní, kò lè tó iṣẹ́ abẹ yẹn. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ni lọ́rì nìkan ni owó náà ti lè wá.

Ọmọ Ìlọrin kan tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni lọ́yà tí a gbà láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó jókòó sórí àga oníbàárà mi, ó ń ka ìka.

"Baba, abeg, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Káàdì ọsípítù, ẹ tọ́jú ẹ̀. Fọ́tò egungun, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ṣòkòtò tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má sign nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá bi yín pé báwo lara, ẹ ní kí wọ́n lọ bi lọ́yà yín."

Mo gbọ́ràn. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ ki ṣòkòtò ẹlẹ́jẹ̀ náà bọ omi, mo pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nígbà tí ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú páálí mílíìkì kan àti ìwé kan pé ọ̀rọ̀ ti parí, tó bẹ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù, tó ní, "Sannu, Tela, ka yi haƙuri, just put your thumb here," mo ní, "Oga, carry your milk dey go. My lawyer no gree." Orí mi wú. Ta ló fẹ́ fi ọgbọ́n gba tọwọ́ mi?

Àmọ́ ìyàwó mi ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan. Àládùúrà ni wá, àwa tí a ń wọ aṣọ funfun. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yíràá nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì jáde, n óò wá jó, n óò wá jẹ́rìí lọ́jọ́ ìkórè. Nínú ìjọ wa, a kì í jẹ́rìí àbọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dìde kó ní ó ṣì ku díẹ̀. Bí ẹni tó ti rí i gbà tán ni a ń sọ ọ́, kí ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ní kí n má bá èèyàn sọ̀rọ̀ ara mi. Kò sọ fún mi pé Ọlọ́run wà lára wọn.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo ju ọ̀pá tí mo fi ń rìn sílẹ̀, mo sọ pé ìrora ti tán pátápátá, mo sì fò sókè. Ìjọ hó yèè. N kò ní purọ́, inú mi dùn débi pé n kò rántí pé mo ní ìbàdí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn náà ni mo fi ń rákòrò lọ sí ṣáláńgá.

Onífọ́tò ìjọ ti yà mí níbi tí mo ti wà lókè, tí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Fọ́tò náà wù ú, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì gbé e kọ́ sínú gíláàsì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí títì. Àwọn ọmọ mi ń kó ọ̀rẹ́ wọn lọ wò ó: "Ga babanmu!" Bàbá wọn rèé. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ lọ́rì tó gbé mílíìkì wá bá mi náà ń gba títì yẹn kọjá.

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà wọn yọ fọ́tò náà jáde. Akọ̀wé ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún mi. Ṣé èmi nìyí? Èmi ni. Kí ni mo sọ lọ́jọ́ náà? Mo sọ ọ́ fún wọn.

Lọ́yà tèmi dìde. Ó rọra bi mí pé kí n ṣàlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ohun tó ń fẹ́. Kí n ṣáà sọ pé ìgbàgbọ́ ni mo fi sọ ọ́, pé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ará ìjọ márùn-ún jókòó lẹ́yìn nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú wòlíì tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi. Wọ́n ń kọ́ wa pé ẹni tó bá sẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pe àìsàn padà. Ìyàwó mi ń wò mí. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí.

Mo ní, "Òtítọ́ ni mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Lọ́yà mi jókòó. Owó oògùn àkọ́kọ́ nìkan ni adájọ́ ní kí wọ́n fún mi. Ó ní ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti dá kò tún nílò iṣẹ́ abẹ kankan. Kí oṣù náà tó parí, mo ti ta maṣíìnì.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdájọ́, wòlíì ní kí n dìde wá jẹ́rìí pé n kò ti Olúwa lójú níwájú adájọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dúró dè mí. Mo jókòó síbẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá mi mú láti gbé mi dìde, ó rò pé ẹsẹ̀ ni kò jẹ́. Mo gba apá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ dìde, mo lè dìde.