Ta Ni Yóò Bẹ̀rẹ̀ Mú Bàtà Iwin?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Igbó-Ọrà níbí, ìbéèrè ni wọ́n fi ń mọ̀ mí. Bí wọ́n bá ní kí n lọ pọn omi, màá béèrè pé ṣé èyí tó wà nínú ìkòkò ti tán ni. Bí wọ́n bá ní kí n má béèrè mọ́, màá béèrè ìdí rẹ̀. Bàbá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá dì mí sínú àpò, ẹnu mi yóò lu àpò náà jáde. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fojú mi rí lónìí, èmi náà ti fi ojú ẹlòmíràn rí i rí.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo fíìmù lórí fóònù. Akọni kan ń bá òṣìkà kan jà nínú rẹ̀. Wọ́n jà lórí òrùlé, wọ́n jà nínú odò, ilé bíi mẹ́rin wó lulẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án, gbójú sókè, ó ní, "Màmá, inú fìlà òṣìkà yìí ni agbára rẹ̀ wà, gbogbo wa la mọ̀. Ó ṣí i sílẹ̀ nígbà tó ń jẹun. Kí ló dé tí akọni ò kàn mú un?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní akọni náà gọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí ìbéèrè tí èmi náà bi ìyá bàbá mi nìyẹn, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Tèmi kì í ṣe fìlà, bàtà ni.

Ẹ̀gúsí ló dá ọ̀rọ̀ bàtà náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàràpá mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kó bàrà, tí wọ́n ti fọ ẹ̀gúsí, tí wọ́n sì ti sá a gbẹ, iṣẹ́ kan ṣì kù tó máa ń sú ọmọdé jù, ìyẹn ni bíbó rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti kírun tán ní ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà yóò da ẹ̀gúsí sínú atẹ, yóò pín igbá fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ kí a má baà máa tòògbé. Lọ́dún yẹn, àlọ́ iwin kan ló ń pa fún wa. Iwin yìí jókòó sí ẹnu odò, gbogbo ọmọbìnrin tó bá wá pọn omi, á gba ìkòkò rẹ̀, á fọ́ ọ. Òùngbẹ fẹ́ pa ìlú. Ọdẹ kan gbéra láti lọ bá a jà. Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n fi jà o. Ọfà ọdẹ di koríko, àdá rẹ̀ di ewé, a sì ń gbe orin tì í. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú bàtà ẹsẹ̀ òsì iwin ni agbára rẹ̀ wà, àti pé àràárọ̀ ló ń bọ́ ọ sílẹ̀ lórí àpáta kó tó wẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Ìyá àgbà, bàtà yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí ọdẹ ò mú un nígbà tí iwin wà nínú omi?"

Ó ní, "Bí ọdẹ bá mú bàtà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ni yóò bá mi bó ẹ̀gúsí yìí tán?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní a jẹ́ pé ọdẹ náà gọ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n pa ẹnu mọ́. Ìyá àgbà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó wò mí.

Ó ní, "Kò gọ̀. Ó rí bàtà. Gbogbo ìlú ló rí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni bàtà wà, ẹni tó bá fẹ́ mú un, àfi kó bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ yẹn ò sì bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó kú lóòró." Ó bu ẹ̀gúsí mìíràn sí igbá mi. "Ẹnu kan náà la fi ń pè é, ọmọ mi. A ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì ń bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀."

Mo rò pé ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ tàn mí kí iṣẹ́ lè máa lọ ni.

Àmọ́ àwa náà ní iwin tiwa ní àdúgbò. Bàbá kan ni, ilé rẹ̀ wà láàárín àdúgbò wa àti iléèwé, ọ̀nà tí à ń gbà lọ sí iléèwé sì gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà náà dàgbà ju ilé náà lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí gé ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún, ó fi dí ọ̀nà pa. Ọmọ tó bá gba abẹ́ ẹ̀gún wọlé, pàṣán ni yóò pàdé. Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún ni àwa ọmọdé ń pè é. Gbogbo wa wá ń gba ìdí òkè àpáta yí po, ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí agogo iléèwé fi ń lù nígbà tí a ṣì wà lẹ́yìn òkè.

Ó le fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó le fún mi jù, nítorí pé mo gbọ́dọ̀ pọn omi, kí n sì gbá ilẹ̀, kí n tó jáde. Láàárín sáà kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni tíṣà dá mi padà sílé nítorí pé mo pẹ́. Ní ìgbà kẹta, bàbá mi ò pariwo. Ó ń pọ́n àdá lọ́wọ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá tún dá ọ padà, ìwé ti parí nìyẹn. Oko ò ní agogo."

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fòpin sí ìwé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi di ẹni tó ń jókòó ti atẹ ẹ̀gúsí láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó ń ní kí n máa ka ohun tí wọ́n kọ́ mi sí òun létí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sì búra nínú mi pé èmi ò ní fi ìwé sílẹ̀, bí mo tilẹ̀ máa fi ìdí wọ́ dé iléèwé.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pète. Ọ̀kan fẹ́ fi kànnàkànnà sọ bàbá náà lókùúta. Ọ̀kan ní kí a lọ ata, kí a bù ú sí i lójú. Òmíràn ní kí a da aṣọ borí bí egúngún kí a fi dẹ́rù bà á, ó sì ti jí aṣọ ìyá rẹ̀ pamọ́ fún iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ò sàn jù wá lọ. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kò lọ. Àwọn bàbá wa ní àwọn yóò kó àdá lọ ṣán ẹ̀gún náà dànù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá kò pé rí, nítorí pé olúkúlùkù ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ gbé àdá.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan nídìí ẹ̀gúsí, ọ̀rọ̀ bàtà yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Mo béèrè pé, "Ìyá àgbà, ṣé ẹnì kan ti bẹ bàbá yẹn pé kó jẹ́ kí á máa kọjá?"

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró.

Mo ní, "Báwo tilẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí i? Bàbá ta ni?"

Ó ní Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó ní iléèwé wa ni àwọn ìbejì náà ń lọ, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n ń gbà. Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ibà kan náà ló mú àwọn méjèèjì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó jẹ́ fi orúkọ yẹn kí i mọ́. "Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn o" ni wọ́n ń kí i láti òkèèrè, tí wọ́n á sì yára kọjá. Nínú ìlú yìí ni o, níbi tí èèyàn ò ti lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má pe Táyé tàbí Kẹ́hìndé létí rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"A kì í gba ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá pè é bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Àánú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe wá. Nígbà tó yá, ojú ń tì wá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí àkùkọ tó kọ. Mo pọn omi, mo gbálẹ̀, mo wọ aṣọ iléèwé, mo lọ kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ẹ̀gún. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ìbejì. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ó jáde tòun ti pàṣán. Ó ní, "Ta ló ní kí o pè mí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Orúkọ yín ni."

Ó ní kí n kúrò níbẹ̀. Mo sá gba ìdí òkè, bí agogo ṣe ń dákẹ́ lọ ni mo wọ iléèwé. Ní ọjọ́ kejì mo tún lọ, mo tún kúnlẹ̀, mo tún kí i. Kò jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé. Mo tún sá eré àsápajúdé, ìka ẹsẹ̀ mi sì fọ́ lára òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jáwọ́, pé wọn yóò dá mi padà lọ́la, èmi náà yóò sì wá jókòó ti òun. Mo ní n kò jáwọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bá a tó dúró ti ẹ̀gún náà. Kò mú pàṣán. Igi kan tó ní ìkọ́ lórí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìka ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi àkísà wé.

Ó ní, "Kí lo fẹ́ gan-an?"

Mo ní, "Ọ̀nà ni, Bàbá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Bí mo bá tún pẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ mọ́."

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bàbá náà fi igi rẹ̀ kọ́ ẹ̀gún, ó wọ́ ọ sápá kan, díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n ọmọdé kan. Ó ní, "Kọjá. Bí o bá ń bọ̀, kí o wá kí mi." Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì nù ún.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀gún ti tán ní ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló kó o. Ìyá àgbà mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ bá a. Ó dàgbà ju bàbá náà lọ dáadáa, síbẹ̀ ó tẹríba fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí wa." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọdẹ inú àlọ́ bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Ẹ̀gúsí ṣì kù nínú atẹ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ò fà á gùn mọ́.

Ìwé tí mo kà nígbà náà ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Nítorí náà, mo sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé akọni inú fóònù wọn kò gọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣòro rí. Ẹ̀yìn títẹ̀ ló ń ni èèyàn lára.

Ayé ti yí padà ṣá. Ilé Bàbá Ìbejì ti wó, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti di títì tí ọ̀kadà ń gbà. Nígbà náà, ẹ̀gún la fi ń dí ọ̀nà. Nísinsìnyí, búlọ́ọ̀kù ni. Ọkùnrin kan ra ilẹ̀ sí àdúgbò wa lọ́dún tó kọjá, ó mọ ògiri dí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí iléèwé. Ojú títì ńlá ni wọ́n ń gbà báyìí, ọ̀kadà sì ti kọ lu ọmọ kan níbẹ̀, ó dá a lẹ́sẹ̀. Àwọn onílé ti ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Wọ́n ti kọ lẹ́tà. Àwọn kan ní kóòtù ló kàn, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn yóò wó o. Ní ìpàdé kẹta, mo béèrè bóyá ẹnì kan ti kan géètì rẹ̀ kí i. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọjọ́ ogbó ti ń dé bá. Ọ̀kan ní, "Màmá, ta ló mọ̀ ọ́n? A ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Onígéètì la ń pè é."

Àbíkẹ́yìn mi dàgbà ju ọkùnrin náà lọ. Kò sí àṣà tó ní kí n kúnlẹ̀ fún un, orúnkún mi náà ò sì gbà. Ṣùgbọ́n mo lè tẹríba. Mo ti bi àwọn ọmọ-ọmọ mi léèrè bóyá wọ́n mọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn kí n tó parí ọ̀rọ̀. Kíláàsì kan náà ni òun àti ọ̀kan nínú wọn wà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí, kò kàn sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Ọ̀la ni mò ń lọ, kí agogo iléèwé tó lù.