Bí Àrá Ṣe Jìnnà Tó

Ọkọ ò ríran mọ́, aya ò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wọn òfuurufú. Bí mànàmáná bá kọ, Ìyá á tẹ ọwọ́ Bàbá. Bàbá á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá yóò fi sán. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nítorí náà, iye tí Bàbá bá kà, á pín in sí mẹ́ta, á sì mọ bí òjò ṣe jìnnà tó. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Ìṣirò kì í béèrè ojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eré kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Àbíkẹ́yìn wọn wà lórí omi, ó ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ wá fi hàn wọ́n. Máìlì mẹ́fà ni ọkọ̀ náà ń rìn ní wákàtí, máìlì ojú omi tó gùn ju ti orí ilẹ̀ lọ. Bàbá sọ ọ́ di kìlómítà mọ́kànlá lọ́kàn rẹ̀. Ó ku bíi kìlómítà méje, ìyẹn bí ogójì ìṣẹ́jú, kó gúnlẹ̀.

Ìyá tẹ ọwọ́ rẹ̀. Àrá sán ní mẹ́rìndínlógójì.

"Kìlómítà méjìlá." Bàbá kọjú sí i kí Ìyá lè ka ètè òun.

"Yanu dáadáa. Ò ń lá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lá oyin."

"Méjìlá, Ìyá Etí-dídi!"

"Mo ti gbọ́, Bàbá Ojú-ṣú."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Omi àti ọ̀run wọnú ara wọn, bí ẹni pé ilé náà gan-an ti já kúrò létí èbúté, tó ń léfòó lọ. Ìyá tún tẹ ọwọ́ rẹ̀. Àrá sán ní mẹ́rìnlélógún. Kìlómítà mẹ́jọ. Òjò ti rin kìlómítà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kìlómítà mẹ́rìnlélógún nìyẹn ní wákàtí kan. Ogún ìṣẹ́jú sí i, ìjì á dé èbúté, ọkọ̀ ọmọ wọn á ṣì wà lágbami.

Bàbá ti gbàdúrà láàárọ̀. Ó tún gbà á. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, kí ló ń ka àrá fún?

"Méjìdínláàádọ́ta ni mo kà," ló ní. "Òjò ń padà lẹ́yìn wa."

Ìyá wo ọ̀run tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí èbúté.

Ibẹ̀ ni òjò bá wọn, lábẹ́ páànù. Gbogbo ayé di funfun. Ìyá ò rí omi mọ́. Nígbà tó ṣe, Bàbá gbórí sókè. Fèrè ọkọ̀ kan dún láti ojú omi, ó mọ fèrè yẹn. Òun náà ti fọn ọ́n rí.

"Wọ́n ti ń dé! Mo gbọ́ fèrè."

"Bí o ṣe gbọ́ méjìdínláàádọ́ta? Ojú tèmi ò fọ́ o, bàbá. Má fi mí ṣe ọmọdé lónìí."

Bàbá ò bínú. Ohun tí òun ń béèrè lọ́wọ́ Ìyá ni Ọlọ́run ti ń béèrè lọ́wọ́ òun láti àárọ̀: pé kó gba ohun tí kò rí gbọ́. Ìyàtọ̀ kan ló wà: Ọlọ́run ò purọ́ fún òun rí.

"Irọ́ ni mo pa," ó ní. "Mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó mú ọwọ́ Ìyá, ó fi lé òpó irin tó ta gbòǹgbò sínú omi. Ohùn máa ń yára nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì tí etí ò gbọ́, irin á gbọ́ ọ. Ìyá dúró. Kò sí nǹkan. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá fi tirẹ̀ lé e lórí.

Òpó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, jẹ́jẹ́, bí àyà ọmọ tó ń sùn.

"Kà á títí wọn yóò fi yọ," ni Bàbá wí. "Ó kàn ọ́."

Ìyá ń kà sókè, kò sì tíì rí ọkọ̀ kankan. Ẹnu kíkà náà ló wà tó fi dákẹ́ lójijì, tó na ọrùn sí ojú omi.

"Kí ló dé? Ṣé òun ni? Ṣé ó gbé ọmọ náà dání?"

Ìyá tẹ ọwọ́ rẹ̀.