Ẹ̀rọ Tí Ó Mọ Ẹni Tí Ebi Ń Pa

Ní Òkè-Afà, bí a bá ti dárúkọ olóògbé Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Morọ́lá, ìtàn iyán Alhaji Abdulmajeed ni a máa ń kọ́kọ́ rántí.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Alhaji, tí ó ń ta pákó ní òdìkejì títì, yà kí wọn. Ìyá Morọ́lá ní kí ó jókòó jẹun.

"Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti jẹun láàárọ̀."

Bàbá Morọ́lá fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń dáhùn ìbéèrè tí ó wà lójú rẹ̀. Aago mélòó ni àlejò dé? Ṣé ó wo ọ̀nà ilé ìdáná? Ṣé ó búra pé òun yó? Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ìdáhùn sì yọ gàdàgbà: "Ebi ń pa á. Má gbọ́ tirẹ̀. Gbé oúnjẹ wá."

Iyán dé, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dé. Alhaji kọ̀, ó dìde. Bàbá Morọ́lá gbé àwo tẹ̀lé e dé ẹnu géètì.

"Alhaji, ẹ lè purọ́ fún èèyàn, ẹ ò lè purọ́ fún ìṣirò!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o, mo ń gbààwẹ̀!"

Ààwẹ̀ tí ọkùnrin náà ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kí Ọlọ́run nìkan lè mọ̀ ọ́n, ni gbogbo àdúgbò gbọ́ lọ́sàn-án gangan.

Kì í ṣe eré ni ó sún Bàbá Morọ́lá dé ibẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá láti ilé, ó ní òun yó, Bàbá Morọ́lá sì gbà á gbọ́. Àfi bí ọ̀rẹ́ náà ṣe dákú sí ibùdókọ̀ ní Ìsọlọ̀. Ebi ni. Orí yọ ọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Morọ́lá búra pé kò ní sí ẹni tí yóò tún gbé ebi jáde nílé òun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nílẹ̀ wa, ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ó yó, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn ti jẹun. Ó pinnu láti kọ́ ẹ̀rọ tí yóò dá wọn mọ̀.

Morọ́lá, ọmọ rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú.

"Dádì, àwọn kan ti kọ irú ẹ̀ tán. Ẹ kàn máa dáńlóòdù ẹ̀ ni."

"Ṣé a dáńlóòdù ìwọ náà ni, àbí a bí ẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ó fi kóòdù hun àwọn iṣan kéékèèké pọ̀, bí iṣan inú ọpọlọ. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀rọ yóò fojú dá ìdáhùn. Bí ó bá ṣì í, a ó yí àwọn ìwọ̀n náà díẹ̀, kí ó tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Bàbá fi àròpọ̀ síbi tí àyọkúrò yẹ kó wà: bí wọ́n ti ń bá ẹ̀rọ náà wí tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń burú sí i. Ìyá Morọ́lá wò ó títí.

"Ọmọ yín ni lóòótọ́."

Nígbà tí ó tún ìyẹn ṣe tán, òmíràn yọjú. Kí ẹ̀rọ lè kọ́ṣẹ́, ó nílò àpẹẹrẹ. Nítorí náà, àlejò tí ó bá ní òun yó, a ó ṣáà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, irọ́ ni ó pa. Gbogbo wọn ni ó jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀rọ wá ń sọ pé ebi ń pa gbogbo ayé.

"Ìyá Morọ́lá, ọbẹ̀ rẹ ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹni tó yó pàápàá ń jẹ ẹ́. Jọ̀ọ́, dín adùn rẹ̀ kù."

"Kí n máa se ọbẹ̀ burúkú nítorí ẹ̀rọ?"

"Nítorí ìmọ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ wọ ilé ìdáná, kó wá sè é."

Bàbá Morọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó sè é lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ní àpẹẹrẹ àwọn tí ó yó, rẹpẹtẹ.

Ní ọjọ́ ààwẹ̀ Alhaji yẹn, ojú ti Bàbá Morọ́lá gidigidi. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti wọ̀, Alhaji kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀rọ yín ò kúkú purọ́. Iyán ọ̀hún dà?"

Wọ́n tún òmíràn gún. Ilẹ̀ mọ́, ìbéèrè tuntun wọ inú ẹ̀rọ: Ṣé àlejò ń gbààwẹ̀?

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá Morọ́lá, ìyàwó rẹ̀ kò jẹun mọ́. Ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ wá, "Mo ti jẹun" ni ó ń dá a lóhùn, wọ́n sì ń gbà á gbọ́. Ó ń rù, Morọ́lá ń wò ó, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Alhaji gbé mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó rẹ̀ sè dé.

"Mo ti jẹun, Alhaji."

Alhaji kọjú sí Morọ́lá. "Gbé ẹ̀rọ bàbá ẹ wá."

Morọ́lá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó kan ìbéèrè Alhaji. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ààwẹ̀ kọ́. Ọ̀fọ̀ ni mò ń ṣe."

"Dádì ò fi ìyẹn sí i, mà."

Ọ̀rọ̀ náà yọ bí Bàbá Morọ́lá ṣe kọ ọ́: "Ebi ń pa á. Má gbọ́ tirẹ̀. Gbé oúnjẹ wá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Morọ́lá kí omijé tó bọ́. "Ẹ ò rí ọkùnrin yìí? Ó ti lọ, ó ṣì ń bá mi jiyàn."

Ó tú ewé mọ́ínmọ́ín náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì mi orí.

"Alhaji, ẹ bá mi kí wọn nílé. Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Ó jẹ ẹ́ tán.