Ohùn Bàbá Mi Tí Alàgbà Pè Ní Àyè Òfìfo

Inú ń bí mi. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti dárí ji ẹni tó ṣe é. Mi ò tíì dárí jì í. Mi ò sì tíì dárí ji ara mi, nítorí ojú mi kòrókòró ló ṣe é, mo sì ní ẹnu.

Bàbá mi ló darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa ní Baṣọ̀run láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré títí irun orí wọn fi funfun. Yàtọ̀ sí orin inú ìwé, wọ́n máa ń ṣe tiwọn. Wọn ò kọ ọ̀kankan sílẹ̀ rí. Wọ́n ní orin tí Ẹ̀mí bá fún èèyàn, ọkàn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé la máa ń ṣe é ní pálọ̀ wa ní Bódìjà: àwọn ń kọrin, èmi ń gbè é, kọ̀ǹpútà mi wà lórí àpótí láàárín wa. Orin mẹ́tàdínlógún la rí gbà sílẹ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Ó mú wọn lápá ọ̀tún, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn pátápátá. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọn a fi ọwọ́ òsì gbá apá àga lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo máa gbé kọ̀ǹpútà wá, mo máa fi orin kan sí i fún wọn.

Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún mi ní Dùgbẹ̀ ti pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. C ni yàrá kékeré tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń gbé; D ni yàrá ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé ohun tí mo bá fẹ́ràn, D ni kí n kó o sí, torí pé bí kọ̀ǹpútà bá ṣàìsàn, C ni wọ́n máa ń gbá dànù. Mo gbọ́ràn. D ni mo kó orin bàbá mi sí. Ohun tó kún C ni fídíò ìkórè ìjọ. Kọ̀ǹpútà ìjọ ti bàjẹ́, tèmi ni wọ́n wá sọ di àká. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà, alàgbà kan ló sì ń jó nínú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ.

Alàgbà yẹn gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní “wọ́n”. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀ níbí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, bí fóònù ẹnikẹ́ni bá sì ti kú nínú ìjọ, òun náà ni wọ́n á ní ká pè. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó wá kí bàbá mi lẹ́yìn ìsìn, ó bá mi níbi tí mo ti ń bá kọ̀ǹpútà jà.

“Kí ló dé, ọmọ mi?”

“C ló kún, sà. Mo fẹ́ kó àwọn fídíò ìkórè lọ sí D ni.”

“Má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó pín in báyìí ò mọṣẹ́. Ògiri àárín wọn la máa wó, kí gbogbo ẹ̀ di yàrá kan.”

Ó fa àga. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tó ṣí ibi tí yàrá méjèèjì ti hàn, C pọ́n kuku láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. D funfun, àfi ìlà búlúù kan tó tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́. Ìlà yẹn ni bàbá mi. Ohùn èèyàn kì í gba àyè bí ijó alàgbà.

“Ṣé o rí i? Àyè òfìfo lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ yìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan díẹ̀ wà ní…”

“Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà, wọn ò tíì bí ẹ.”

Mo dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ò dákẹ́ ní tiẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dá a lójú, pé gbogbo ohun tó wà ní D máa parẹ́. Ẹ̀rọ tí kò ní bàbá, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní ìkúnlẹ̀, ó láyà láti bi àgbà léèrè. Èmi tí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ ń sọ fún ara mi pé ẹnu àgbà lobì ń gbó sí, pé á ti mọ ibi tó máa kó o pamọ́ sí. Alàgbà tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Òwú búlúù náà pòórá. Ó fa C gùn, ó gba gbogbo ilẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yọ fúláàṣì lápò, ó da fídíò ìkórè ọdún náà láti inú rẹ̀ sínú C kí á lè dán an wò. Ó gbàdúrà lé e lórí. Mo ṣe àmín. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ mo ṣe àmín.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi gbá apá àga lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá D, kò sí D. Mo wo inú C, fídíò ló kún ibẹ̀. Mo yíjú sí alàgbà, mo ní, “Orin Dádì ńkọ́, sà?”

“Orin wo? O ò kúkú sọ fún mi.” Ó gbé Bíbélì rẹ̀. “Kádàrá ni. Ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run kì í parun.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ló mú kí orí tèmi wọ́.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá obìnrin kan tó ń tún un ṣe ní Àgbówó. Ó wò ó pẹ́, ó mi orí. “Àǹtí mi, wíwó ògiri ò pa nǹkan tó wà nínú yàrá. Ká ní ẹ ò tíì kó nǹkan kan lé e ni, gbogbo ẹ̀ la máa rí. Ẹrù tuntun tẹ́ ẹ kó wọlé ló tẹ̀ ẹ́ pa.” Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Orin kan péré ló rí.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, alàgbà tún wà ní pálọ̀ wa. Ó jókòó ti bàbá mi, ó ń mu omi. Mi ò dúró kí ó lọ. Mo fi orin náà sí i.

Ohùn bàbá mi jáde, ó lágbára, ó mọ́. Wọ́n kọ ẹsẹ kìíní, wọ́n dé àárín ìkejì, wọ́n dúró. Mo ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀.

“Dúró ná. Mo ti ṣi ibẹ̀ yẹn kọ. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Dádì.” Ohùn tèmi nìyẹn.

“O gbọ́, o sì dákẹ́?”

“Ẹ̀yin lẹ ni orin yín, sà.”

“Ta ló ní èmi ni mo ni ín? Ọlọ́run ló ni ín. Bó o bá rí i pé mo fẹ́ bà á jẹ́, pariwo. Má wo ojú mi.”

Wọ́n tún un mú láti òkè, wọ́n sì kọ ọ́ dé òpin. Alàgbà nu ẹnu. “Ẹ ṣé Jésù. Ṣé o rí i, ọmọ mi? Nǹkan kan ò sọnù.”

Mi ò tẹ eékún. “Mẹ́rìndínlógún ló sọnù, sà. Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n rẹ́. Mo sì dúró, mò ń wò yín.”

Alàgbà yíjú sí bàbá mi, ó ń retí kí wọ́n bá ọmọ wọn wí. Bàbá mi ò wò ó. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọ́n gbá apá àga lẹ́ẹ̀mejì. Orin ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì tún fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.