Àṣà Ṣakí tí Ìyápọ̀ Dá Sílẹ̀ ní Òkèhò

Ìyápọ̀ ará Ṣakí kì í gbé lọ́rì rẹ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ ni yóò dúró sí, yóò sì fi òkúta dí ẹsẹ̀ táyà. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgbéraga ni, pé ó fẹ́ràn ibi gíga. Kì í ṣe ìgbéraga. Ọ́táńétọ̀ ọkọ̀ náà ni ó ti kú.

Ọ́táńétọ̀ ni ó ń fún bátìrì ní iná. Wáyà inú ti Ìyápọ̀ ti jó, rewáyà tí ń tún iná mọ́tò ṣe ní Ìsẹ́yìn sì ti tú u kalẹ̀, ó ní òun ń retí òmíràn láti Ìbàdàn. Bátìrì kò lágbára láti jí ẹ́ńjìnnì mọ́. Ṣùgbọ́n díísù ni ọkọ̀ náà ń mu. Ẹ́ńjìnnì díísù, bí ó bá ti jí, kì í bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n ṣáà ti má pa á. Bí wọ́n bá pa á, ó di kí ọkọ̀ yí lórí gẹ̀rẹ́, tàbí kí ènìyàn tì í.

Títì kò ba Ìyápọ̀ lẹ́rù. Bàbá Àmúdà ti Òkèhò ni ó ń bà á lẹ́rù.

Bàbá Àmúdà ni ó bí Àdìjátù, Àdìjátù sì ni Ìyápọ̀ fẹ́ fi ṣe aya. Ní ọdún kan ṣáájú, ọkọ ẹ̀gbọ́n Àdìjátù, awakọ̀ lòun náà, gbé bàbá yìí lọ sí Ipapo. Mọ́tò kú lọ́nà. Bàbá Àmúdà sọ̀ kalẹ̀ tagbádá tagbádá, ó tì í, èéfín sì sọ agbádá funfun di ti ẹni tí ń ta èédú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti búra pé ọmọ òun kan kò tún ní í fẹ́ ẹni tí à ń ti mọ́tò rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ti Ìyápọ̀, ó ránṣẹ́: kí ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ó sì gbé mọ́tò náà wá kí òun fojú rí i.

Ìyápọ̀ dé Òkèhò, ó rí gẹ̀rẹ́ kan lókè ilé wọn, ó gbé ọkọ̀ sí i, ó pa á. Ó rìn wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́tò dà?"

"Ó wà lókè lọ́hùn-ún, Bàbá."

"Ṣé ó ń tijú ni? Gbé e wá sábẹ́ òdán."

Abẹ́ òdán tẹ́ bí ẹní. Ìyápọ̀ padà lọ yọ òkúta, ọkọ̀ yí, ẹ́ńjìnnì jí, ó sì gbé e wá. Kò pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Bàbá Àmúdà fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"N kò gbọ́. Pa á."

"Bàbá, ó ń mí lọ́wọ́ ni. Tí a bá pa á báyìí, inú á bí i."

"Ọwọ́ mi ni o ti wá tọrọ ọmọ, àbí ọwọ́ mọ́tò?"

Ẹni tí ń tọrọ ọmọ kì í pariwo mọ́ bàbá ọmọ, ìkíni tí bàbá kò bá sì gbọ́, a kò kí i. Ìyápọ̀ wo Àdìjátù lẹ́nu ọ̀nà. Àdìjátù ń wo mọ́tò. Ìyápọ̀ lọ pa á. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu.

Wọ́n gbé iyán fún un. Kò mọ adùn rẹ̀.

Nígbà tí ó dìde láti lọ, àwọn ìyàwó ilé tú jáde láti sìn ín. Ìyálé wọn, Ìyá Ràsáàkì, ní, "Àna wa, a ó sìn yín dé ojú títì."

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Ìyápọ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣùgbọ́n ní Ṣakí, wọn kì í fi ẹsẹ̀ lásán sin àna. Àwọn ìyàwó ilé ni í gbọ́wọ́ lé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, tí wọn á sún un kúrò lójúde. Àna tí wọn kò bá sún, wọ́n kọ̀ ọ́ ni."

"Ha! Àwa ò kọ̀ yín o!" Wọ́n ti yí sí ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ MÁ FỌWỌ́ KÀN MÍ sí.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?" ni Ìyá Ràsáàkì bèèrè.

"Ẹ káàbọ̀ ni," ni Ìyápọ̀ wí, ó sì gun ọkọ̀.

"Dúró ná," ni Bàbá Àmúdà wí láti orí àga. "Kí mọ́tò tó dé, kí ni wọ́n ń tì ní Ṣakí?"

"Ẹṣin ni, Bàbá."

"Ìdí ẹṣin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kì í ta wọ́n nípàá?"

"Ó ń ta wọ́n. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi mọ́tò rọ́pò rẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bàbá Àmúdà. Àwọn obìnrin ti gbé orin, wọ́n tì, ọkọ̀ sún, ó sì há sẹ́yìn gbòǹgbò òdán.

"Bàbá Àmúdà, ẹ dìde!" ni Ìyá Ràsáàkì ké. "Àbí ẹ̀yin kọ̀ ọ́ ni?"

Àdìjátù yíjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá Àmúdà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bọ́ agbádá, ó ká a sórí àga, ó lọ fi èjìká ti ìdí ọkọ̀. Táyà gun gbòǹgbò kọjá, Ìyápọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì hó gẹ̀ẹ́, èéfín sì bo gbogbo wọn.

Ìyápọ̀ fa bíréèkì, ó fò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú èéfín náà. Ọwọ́ kan jáde, ó dì í létí mú.

"Àṣà Ṣakí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí ẹnikẹ́ni ní Òkèhò bá gbọ́ pé mo tún ti mọ́tò àna..."

"Iwájú ni mo kọjú sí, Bàbá. N kò rí ẹni tó wà lẹ́yìn."

Bàbá Àmúdà nu ojú rẹ̀. "Sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá. Kí wọ́n wọ mọ́tò ẹlòmíràn wá."

Ọ́táńétọ̀ ti Ìbàdàn dé kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Kò ran Ìyápọ̀ lọ́wọ́ ní Òkèhò. Títí di òní, àna tí ó bá gbé mọ́tò dé ilé náà, àwọn obìnrin kì í jẹ́ kí ó jí i fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àṣà ni.