Aràn Méjì Lórí Tábìlì Daddy

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá aràn lára ẹja odò, kí n sì mọ ìdílé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Mummy ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo gbé maikirosikóòpù ka orí tábìlì wa ní Ìkòsí, níwájú àga Daddy tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kú, Mummy ò bá mi sọ̀rọ̀ di alẹ́. Èmi náà ò gbé e kúrò. Ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa.

Ní Sátidé kan, mo ra ẹja tútù ní ọjà Mile 12. Lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, níbi pupa tó fi ń mí, mo rí aràn kan tó tín-ín-rín bí òwú. Nígbà tí mo fi maikirosikóòpù wò ó, ó ní orí méjì. Inú bí mi, mo rò pé mo ti fi abẹ́ là á ni. Ìgbà tí mo tún wò ó ni mo rí i pé aràn méjì ni. Wọ́n lọ́ mọ́ra láàárín, ẹran ara wọn ti di ọ̀kan.

Mo ti kà nípa wọn, mi ò fojú rí wọn rí. Èyí tí kò bá rí ẹnì kejì kò ní dàgbà. Tí wọ́n bá sì ti pàdé, wọn ò ní yà mọ́ láyé.

Mo pe Mummy. Wọ́n ń ráhùn bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fojú sí i, mo sì ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé:

"Tí ọ̀kan bá wá kú ńkọ́?"

Mo mọ ìdílé aràn yẹn àti orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ìyẹn.

Mummy ò gbójú sókè. Wọ́n fa àga Daddy, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n lọ pa iná ìrẹsì.